Èló Ni Ẹsẹ̀? Bí Òfin Ṣe Ń Ṣírò Owó Gbà-máà-bínú Fún Ẹni Tó Fara Pa

Ẹni tí ọkọ̀ gbá ní Ìwó Road n'Íbàdàn tàbí ní Ọ̀jọ́ta l'Ékòó kì í tíì dé ọsibítù tí ọ̀rọ̀ owó fi ń bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ á máa bẹ̀bẹ̀, èrò á máa pariwo, ẹnìkan nínú wọn á sì sọ ara rẹ̀ di adájọ́: "Ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ síbí. Kó fún un lówó oògùn, kí kálukú máa lọ." Kò ní í pẹ́ tí ọgbọ̀n tàbí àádọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà á fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣubú, tí ọkọ̀ á sì gbéra. Ó máa ń tó ọjọ́ kẹta kí eegun ìbàdí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu rẹ̀.

Èèyàn ò lè dá àwọn èrò náà lẹ́bi tán. Ilé ẹjọ́ jìnnà, àgọ́ ọlọ́pàá ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù, ọmọ ẹlòmíì sì ni awakọ̀ náà. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n dá yẹn kò ti inú ìṣirò kankan wá. Ohun tó wà lápò awakọ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n wò, wọn ò wo ohun tí ẹni tó fara pa pàdánù. Òfin ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà ṣe ìṣirò yìí, ọ̀nà náà ò sì ṣòro lóye fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Òfin kì í ra ẹ̀yà ara. Ohun tí ìpalára náà gbà lọ́wọ́ èèyàn ló ń kà, èyí tí ẹ̀rí bá sì wà fún nìkan ló rí kà.

Ìlànà tó ti pẹ́

Ní ọdún 1880, ẹjọ́ kan ti ilẹ̀ Scotland dé iwájú House of Lords ní London. Kò sí ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú ẹjọ́ náà. Èédú abẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n wà tà. Ibẹ̀ ni Lord Blackburn ti la ìlànà kan kalẹ̀: owó tó yẹ kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gbà ni èyí tó máa dá a padà, débi tí agbára owó bá mọ, sí ipò tí ì bá wà ká ní wọn ò ṣẹ̀ ẹ́. Òfin àwọn òyìnbó amúnisìn ló gbé ìlànà yìí dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn adájọ́ Nàìjíríà sì ń tẹ̀ lé e títí dòní.

Agbára owó kò tó nǹkan bó bá di ọ̀rọ̀ ara. Owó lè san owó ọsibítù padà, ó lè dí àlàfo owó iṣẹ́ tí ẹnìkan kò rí ṣe, ṣùgbọ́n kò lè dá ojú tó fọ́ padà sí agbárí. Ìdí nìyẹn tí àwọn adájọ́ fi pín ìṣirò náà sí ọ̀nà méjì. Apá kìíní ni àdánù tó ní iye: owó ìtọ́jú, oògùn, owó ọkọ̀, owó iṣẹ́ tó sọnù. Apá kejì ni èyí tí kò ní iye lọ́jà kankan: ìrora, oorun tí kò kùn mọ́, àpá ojú tó ń jẹ́ kí ọmọge máa sá fún dígí, bàbá tí kò lè gbé ọmọ rẹ̀ sọ́rùn mọ́.

Kí wọ́n tó ka kọ́bọ̀ kan, ìbéèrè mìíràn wà nílẹ̀: ta ló jẹ̀bi? Nínú ẹjọ́ ìjàǹbá ọkọ̀, ẹni tó fara pa ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé awakọ̀ hùwà àìbìkítà, pé ìwà náà ló sì fa ìpalára. Bí kò bá rí ìyẹn fi hàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ì báà já, kò sẹ́ni tó máa san nǹkan kan fún un. Ibi iṣẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, a ó sì débẹ̀.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin télọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 38, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn iye tí mo kọ síbí kàn wà kí ìṣirò lè yé wa ni. Ọkọ̀ Micra kan tó ń sáré gbá a bó ṣe ń kọjá títì. Eegun ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́, wọ́n fi irin dè é nínú, oṣù márùn-ún sì kọjá kó tó tún jókòó ti máṣíìnì.

Àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ báyìí. Iṣẹ́ abẹ àti irin gba ₦1,800,000. Oògùn àti X-ray jẹ́ ₦240,000, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjèèjì ₦30,000. Owó ọkọ̀ lọ síbi ìtọ́jú àti àbọ̀ jẹ́ ₦96,000. Ọmọbìnrin tó gbà láti máa dáná, kó máa pọnmi fún un gba ₦40,000 lóṣù fún oṣù mẹ́rin, ìyẹn ₦160,000. Tẹ́lẹ̀ rí, ₦120,000 ló ń wọlé fún un lóṣù lẹ́yìn tó bá ti yọ owó òwú àti iná. Oṣù márùn-ún jẹ́ ₦600,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦2,926,000.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ni lọ́yà ẹnìkejì máa mú, tí á sì máa gbọ̀n ọ́n wò. Òfin Nàìjíríà le gan-an lórí apá yìí: olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ to àdánù kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ẹ̀sùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ẹ̀rí gbe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Adájọ́ kò gbọ́dọ̀ fojú bù ú. Owó ọsibítù tí kò ní rìsíìtì lè wọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo kóòtù ń wo àpá iṣẹ́ abẹ náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Owó tó ń wọlé ló máa ń ṣòro jù fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìwé owó oṣù. Kí ni télọ̀ ní? Ó ní púpọ̀, bó bá mọ̀ pé ẹ̀rí ni wọ́n. Ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, tó fi iye tí kálukú san síwájú orúkọ rẹ̀, ẹ̀rí ni. Alẹ́ẹ̀tì báńkì tó ń wọlé sórí fóònù, ẹ̀rí ni. Káàdì alájọ tó ń fi ₦2,000 sí lójoojúmọ́, tí alájọ sì ń tẹ àmì sí, ẹ̀rí ni, torí ẹni tí kò rówó pa kò lè dá àjọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì gbáko láì fo ọjọ́. Alájọ fúnra rẹ̀ lè wá jẹ́rìí. Ìyá tó ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀ náà lọ́dọọdún lè wá jẹ́rìí pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ teguntegun náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó dá eegun ló ń ti ọsibítù bọ́ sọ́dọ̀ teguntegun, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ yà sí ọsibítù rárá. Èmi ò ní sọ pé kéèyàn má lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí X-ray tó fi hàn pé eegun ṣẹ́ lóòótọ́, tí kò sì sí dókítà tó kọ̀wé, olùjẹ́jọ́ á ní ẹsẹ̀ náà kàn yẹ̀ ni. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ kọ́kọ́ ya X-ray, kó gba ìwé dókítà, kó sì ní kí teguntegun kọ iye tó gbà sórí ìwé, kó fọwọ́ sí i, kó kọ déètì.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni iwájú kàn. Ẹsẹ̀ télọ̀ náà ti jinná, ṣùgbọ́n kò lè tẹ máṣíìnì pẹ́ bíi tẹ́lẹ̀. Dípò ₦120,000, ₦80,000 ló ń rí lóṣù báyìí. Àdánù ₦40,000 lóṣù jẹ́ ₦480,000 lọ́dún. Bó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ títí di ọmọ ọgọ́ta ọdún, ọdún 22 ló kù. Kí ló dé tí ilé ẹjọ́ kò ní í fi 22 sọ ọ́ di púpọ̀? Ìdí méjì ni. Ó máa gba owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lónìí, ó sì lè fi ṣòwò kó bí sí i. Èkejì, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀la: àìsàn lè dé, ó lè fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó tó pé ọgọ́ta. Nítorí náà, adájọ́ á mú iye ọdún tó kéré sí i. Ká ní 12 ló mú, ₦5,760,000 nìyẹn.

Ká tún ní ó fi ₦2,000,000 sí i fún ìrora àti ìnira. Àpapọ̀ ti di ₦10,686,000. Ṣùgbọ́n afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà níwájú, télọ̀ náà kò gun ún. Abẹ́ rẹ̀ ló gbà kọjá. Bí adájọ́ bá rí i pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀bi jẹ́ tirẹ̀, á yọ ₦2,137,200. Ohun tó máa kù sọ́wọ́ télọ̀ ni ₦8,548,800.

Ẹ wá jẹ́ ká mú ìwé díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ká ní rìsíìtì iṣẹ́ abẹ ti sọnù, ká sì ní kò lè fi iye tó ń pa tẹ́lẹ̀ hàn. Apá kìíní já sí ₦526,000. Owó ti iwájú fò lọ pátá, torí adájọ́ kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí a bá fi ₦2,000,000 ti ìrora kún un, tí a sì yọ ìdá ẹ̀bi tirẹ̀, ₦2,020,800 ló kù. Ẹsẹ̀ kan náà ni, irin kan náà ni, ìrora kan náà ni. Ìwé ló fi mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ sáàárín wọn.

Ìrora kò ní rìsíìtì

Lórí apá kejì, adájọ́ Nàìjíríà kò ní tábìlì kankan tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìka báyìí, owó báyìí. Òun ló máa wò ó, kó wo ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ ti san nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, kó sì dá iye tó rò pé ó tọ́. Bí iye náà bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tó kéré jọjọ, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lè yí i padà.

Ìpalára kan náà kì í ṣe ẹni méjì bákan náà. Ìka ìlábẹ̀ tí máṣíìnì gé dun olùkọ́, ó sì dun onílù, ṣùgbọ́n onílù dùndún tó ń fi ọwọ́ náà fa ọṣán ìlù ti pàdánù oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Àpá iná lójú ọmọ ọdún méje máa bá a dàgbà. Ẹni tó ti ní ẹ̀yìn dídùn tẹ́lẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbá a, ohun tí ìjàǹbá náà fi kún un nìkan ni wọ́n máa kà fún un. Nítorí náà ni ìwé dókítà fi wúwo ju ohun gbogbo lọ. Ìwé tó kàn sọ pé "ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, a tọ́jú rẹ̀" kò tó. Èyí tó dára á sọ ibi tó ṣẹ́, ohun tí wọ́n ṣe sí i, bí ẹsẹ̀ ṣe ká mọ báyìí, iṣẹ́ tí aláìsàn náà kò ní lè ṣe mọ́, àti bóyá wọ́n ṣì máa ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn.

Ohun kan wà tí àwọn adájọ́ ilẹ̀ wa fẹ́ràn láti máa sọ: ilé ẹjọ́ kì í ṣe Bàbá Kérésì. Ohun tí olùpẹ̀jọ́ kò bá béèrè, wọn ò ní fún un. Ẹni tó bá kọ mílíọ̀nù kan sínú ìwé ẹ̀sùn, adájọ́ kò ní í fi àánú sọ ọ́ di méjì. Àwọn tó pẹjọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ìdájọ́ wọn ń jáde lẹ́yìn tí náírà ti já wálẹ̀ láti June 2023, mọ ibi tí èyí ti ń dunni. Owó tó lè ra ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ̀wé ẹ̀sùn lè máà tó ra táyà mẹ́rin lọ́jọ́ ìdájọ́. Lọ́yà tó mọṣẹ́ máa ń tọrọ àyè láti ṣàtúnṣe iye náà kí ẹjọ́ tó parí, ó sì máa ń béèrè èlé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn Yorùbá tó wà ní Peckham, Manchester tàbí Birmingham, àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó ń tọ́jú arúgbó, tó ń gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, wà lábẹ́ ìlànà kan náà tó ti ọ̀dọ̀ Lord Blackburn wá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n ti kọ ọ̀pọ̀ ohun tí adájọ́ wa ń fojú inú wò sílẹ̀. Láti 1992 ni ìwé ìlànà kan ti wà fún àwọn adájọ́ England àti Wales, tó to ìpalára láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, tó sì kọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹ̀dà kẹtàdínlógún rẹ̀, tó jáde ní April 2024, ẹni tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ pátápátá wà láàárín £396,140 àti £493,000. Ti ìrora àti ìgbé ayé tó bàjẹ́ nìkan nìyẹn. Owó àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán tòru, ilé tí wọ́n máa tún ṣe fún un, àti owó iṣẹ́ tó sọnù tún wà lọ́tọ̀, àwọn yẹn ló sì máa ń gbé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá mílíọ̀nù.

Iye ọdún tí adájọ́ wa ń fojú bù fún télọ̀, tábìlì ni wọ́n ń wò fún un lọ́hùn-ún. Ogden Tables ni wọ́n ń pè é, orúkọ Sir Michael Ogden tó darí ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ ṣe é ní 1984 ló ń jẹ́. Ó ń wo ọjọ́ orí, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti èlé tí wọ́n rò pé owó náà máa mú wá lẹ́yìn tí ọjà bá ti gbówó lórí. Èlé kékeré yẹn ń yí ẹjọ́ ńlá padà. Láti August 2019, ìdínkù ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń ṣírò, ìyẹn ni pé ìjọba gbà pé owó náà á máa dín ní agbára. Láti 11 January 2025, wọ́n ti sọ ọ́ di ìdá 0.5 lókè òdo. Ẹni tó fara pa gan-an tí ẹjọ́ rẹ̀ parí lẹ́yìn ọjọ́ náà lè gba owó tó kéré ju ti ẹni tó fara pa bákan náà tó parí tirẹ̀ ṣáájú.

Ìrora ọrùn tó máa ń múni bí ọkọ̀ bá kọlu tẹni lẹ́yìn ti ní iye tirẹ̀ tí òfin gé láti 31 May 2021. Wọ́n fi kún un fún ìjàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ láti 31 May 2025: bí kò bá ju oṣù mẹ́ta lọ, £275, bó bá kọjá oṣù 18 títí dé 24, £4,830. Ẹni tí kò so bẹ́líìtì mọ́ra náà á pàdánù. Láti ìgbà ìdájọ́ Lord Denning kan ní àwọn ọdún 1970, bí bẹ́líìtì ì bá ti gbà á pátápátá, wọ́n á yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún; bí ìpalára ì bá kàn dín kù, ìdá 15.

Ohun kan wà lọ́hùn-ún tí àwọn èèyàn wa máa ń gbàgbé láti béèrè. Bí màmá ẹni bá wọ bàálù láti Ìjẹ̀bú Òde wá tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó dá lápá, tó ń wẹ̀ fún un, tó ń se ọbẹ̀, tó ń mú un lọ síbi ìtọ́jú, wákàtí ìyá náà ní iye lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé òṣìṣẹ́ ló ṣe é, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ wákàtí náà sílẹ̀ lójoojúmọ́ ni yóò rí i gbà. Bí lọ́yà bá sì gba ẹjọ́ lórí àdéhùn pé òun ò gba owó bí wọn ò bá borí, owó àṣeyọrí tó máa yọ nínú owó oníbàárà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó tí wọ́n san fún àdánù iwájú.

Ibi iṣẹ́: kò sí wàhálà ta ló jẹ̀bi

Ní Nàìjíríà, Employees' Compensation Act ti 2010 ti yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bi kúrò fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sápò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Ohun tí òṣìṣẹ́ ní láti fi hàn ni pé iṣẹ́ ló fa ìpalára tàbí àìsàn náà. Òfin náà tilẹ̀ na ọwọ́ dé ojú ọ̀nà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ ṣe tààrà. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, tó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa san lóṣooṣù. Bó bá jẹ́ ọmọ kan, ìdá 85. Òfin àtijọ́ máa ń san owó oṣù 42 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Ẹ wo ẹni tó ń gba ₦150,000: tàtijọ́ máa fún ìdílé rẹ̀ ní ₦6,300,000. Tuntun ń fún wọn ní ₦135,000 lóṣù, kò sì ní tó ọdún mẹ́rin tí yóò fi kọjá iye yẹn, tí yóò ṣì máa lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé tún ti dé. Agbanisíṣẹ́ wà tó ń kọ ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti 2024, sínú ìwé, tó sì ń fi ₦80,000 tó kù sínú àpò ìwé fún òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Inú òṣìṣẹ́ ń dùn pé owó orí òun kéré. Lọ́jọ́ tí àkàbà bá yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ohun tó wà lórí ìwé ni wọn yóò fi ṣírò: ₦63,000 dípò ₦135,000.

Ọjọ́ tí òfin fi sílẹ̀ láti béèrè owó yìí kò pọ̀. Òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ìwé ìbéèrè owó sì gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan. Bí agbanisíṣẹ́ bá kọ̀ láti kọ̀wé, kí òṣìṣẹ́ má dúró dè é. Kó gba ẹ̀ka NSITF tó sún mọ́ ọn lọ fúnra rẹ̀.

Ta ló máa san án?

Ìdájọ́ mílíọ̀nù mẹ́jọ lórí awakọ̀ tí kò ní ju bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ kò wúlò. Ìnṣọ́ránsì third party tí òfin fi dandan lé gbogbo ọkọ̀ wà fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Láti 1 January 2023, ₦15,000 ni onímọ́tò àdáni ń san fún un lọ́dún, láti 1 February 2025 sì ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ₦3,000,000 tí wọ́n máa ń kà nípa rẹ̀, ti dúkìá tó bàjẹ́ ni. Òfin kò fi òté lé ti ikú àti ìpalára ara.

Síbẹ̀, ẹ lọ wo ibi tí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀. Bọ́ńpà ni wọ́n ń jà lé lórí, iná iwájú tó fọ́ ni wọ́n ń dá iye lé, nígbà tí ẹni tó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn ń di ìgbáròkó mú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà fọ́tò rẹ̀; nọ́ńbà náà lẹ lè fi wádìí lórí askNIID, àkójọ àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, láti mọ̀ bóyá ìwé ọkọ̀ náà jẹ́ ojúlówó. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ẹni méjì tó rí i. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá tàbí Road Safety kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá máa di ẹjọ́, kí lọ́yà tètè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà, kí wọ́n má baà ní àwọn ò gbọ́.

Àwọn aṣojú ìnṣọ́ránsì náà á dé. Èyí tó gbọ́n nínú wọn á tètè dé, nígbà tí owó ọsibítù ṣì ń pọ́nni lójú, á sì mú ìwé kan dání tí wọ́n ń pè ní discharge voucher. Ìwé ojú ewé kan péré ni. Iye owó á wà níbẹ̀, orúkọ á wà níbẹ̀, ìlà kan á sì wà nísàlẹ̀ tó ní ẹni tó fọwọ́ sí i ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán, kò tún ní í béèrè ohunkóhun mọ́ láé lórí ìjàǹbá náà. Ó ṣòro gan-an láti bọ́ nínú ìlà yẹn bí irin inú ẹsẹ̀ bá yẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ.

Kì í ṣe pé kí èèyàn máa kọ owó o. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ìpalára ló ń parí lórí ìjókòó àdéhùn, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ẹjọ́ ń gbọ́ owó, ó ń gbọ́ ọdún. Ẹni tó bá gba ₦6,000,000 lónìí lè ṣe dáadáa ju ẹni tó gba ₦8,500,000 lẹ́yìn ọdún méje lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá mẹ́fà dára bí kò bá tíì ṣe ìṣirò tó fi mọ̀ pé mẹ́jọ ààbọ̀ ni.

Kí ó má sì jẹ́ pé ìṣirò náà ló máa gbé ọjọ́ lọ. L'Ékòó, ọdún mẹ́ta ni òfin fún ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ lórí ìpalára ara. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ìjọba ló gbáni, tí òṣìṣẹ́ ìjọba sì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ni òfin tó dáàbò bò wọ́n fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dára ló ti kú síbẹ̀ nígbà tí olùpẹ̀jọ́ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ lè pẹjọ́ kí ara tó yá tán, kí ọjọ́ má baà kọjá. Ìfọwọ́sí ni kẹ́ ẹ má kánjú ṣe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá ó ti mọ ibi tí ara náà máa dúró sí, bóyá iṣẹ́ abẹ mìíràn ṣì ń bọ̀, àti irú iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe láti ìsinsìnyí lọ, kó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ síwèé kí dókítà tó dáhùn, ohun tí kò tíì mọ iye rẹ̀ ló ń tà.